Mẹ́mọ́rì Tí Kernel Yà Sọ́tọ̀ De Ọjọ́ Tí Yóò Dákú

Ká ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sáfà Linux kékeré kan, tí wọ́n ní 2GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ tẹ `free -m`, àṣẹ tó ń fi iye mẹ́mọ́rì hàn, ẹ sì rí i pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ "total" ò ju 1,700 àti díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 2GB tí wọ́n pè é yẹn, 2,048MB ló yẹ kó jẹ́. Ẹ ò tíì gbé iṣẹ́ kankan lé e lórí o. Kò sí dátábéèsì níbẹ̀, kò sí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kankan, síbẹ̀ ohun tó lé ní 250MB ti dàwátì.

Àwọn kan á rò pé ẹni tó tà á fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ. Àwọn mìíràn á wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á rí ẹni tó ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ `crashkernel` rẹ́ nínú ìlà àṣẹ tí wọ́n fi ń tan kernel, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ náà. Wọ́n á pa á rẹ́, mẹ́mọ́rì á padà wá, inú wọn á sì dùn. Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú ohun tó dàwátì wà lọ́wọ́ kernel fúnra rẹ̀, tó fi ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 192MB lórí ẹ̀rọ tó tóbi tó báyìí, kò sọnù. Ńṣe ni kernel yà á sọ́tọ̀ nígbà tó ń jí. Kernel kejì ló wà níbẹ̀. Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò ṣe nǹkan kan, ó ń retí ọjọ́ tí èkíní máa dákú.

Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ya àyè náà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò fi ṣeé ṣe láti wá a lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ni kì í tètè yé èèyàn. Òun gan-an ni mo fẹ́ tú palẹ̀, torí mo ti rí ohun tí àìní rẹ̀ ń fojú èèyàn rí.

Ta ni yóò sin kernel?

Kernel ni ètò tó wà láàrin ẹ̀rọ àti gbogbo ètò yòókù. Bí áàpù kan bá fẹ́ ka fáìlì, kernel ló máa bá a kà á. Bó bá fẹ́ mẹ́mọ́rì, kernel ló máa gé e fún un. Bí ìsọfúnni bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, ọwọ́ kernel ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Nítorí náà, bí áàpù bá ṣe àṣìṣe tó sì kú, kernel ló máa sin ín: á gba mẹ́mọ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á pa àwọn fáìlì tó ṣí sílẹ̀ dé, bí wọ́n bá sì ti pàṣẹ fún un tẹ́lẹ̀, á kọ ohun tó wà nínú òkú náà sínú fáìlì kan kí ẹni tó kọ áàpù náà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ètò yòókù ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnì kan kú láàrin wọn.

Bó bá wá jẹ́ kernel fúnra rẹ̀ ló ṣe àṣìṣe ńkọ́? Kò sí ẹnikẹ́ni lókè rẹ̀ tó máa wá palẹ̀ mọ́. Ó lè tẹ̀ lé àdírẹ́sì kan nínú mẹ́mọ́rì kó sì bá òfo níbẹ̀, tàbí kó rí i pé àkọsílẹ̀ òun fúnra òun ti ń ta kora. Bó bá dà bíi pé ètò kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ó lè pa ètò yẹn kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Oops ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àmọ́ bí kò bá mọ ibi tí ìbàjẹ́ náà dé, ewu ńlá ni kó máa ṣiṣẹ́ lọ, torí ó lè máa kọ ìkọkúkọ sórí dísìkì tí iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ àwọn èèyàn wà. Ó sàn kó dúró. Dídúró yẹn ni panic. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bójú tó sáfà tiẹ̀ máa ń pàṣẹ pé kí oops lásán di panic lójú ẹsẹ̀, mo sì gbà pẹ̀lú wọn: kernel tó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Nígbà tó bá dúró báyìí, gbogbo ẹ̀rí wà nínú RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà: iṣẹ́ tí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́wọ́, ẹni tó pe ta ni, nọ́ńbà tó yí padà sí ohun tí kò yẹ kó jẹ́. Àmọ́ RAM kì í pa nǹkan mọ́. Bí iná bá kúrò lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ náà tàn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ìlà díẹ̀ ló máa hàn lójú sikirín, sáfà tó wà nínú yàrá àdáwà kì í sì í sábà ní sikirín.

Mo ti bá irú rẹ̀ jà rí. Sáfà kan níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń kú lóru. Kì í ṣe lójoojúmọ́, kì í sì í ṣe ní wákàtí kan náà. Bí a bá ṣí àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ìlà tó kẹ́yìn máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán: ẹnì kan wọlé, iṣẹ́ kan parí. Ìlà tó tẹ̀ lé e ni ti ìgbà tó ń jí padà. Láàrin méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń méfò. A pààrọ̀ RAM. A pààrọ̀ wáyà. A ní bóyá ooru ni. Kò sí èyí tó ràn wá lọ́wọ́, ohun tó sì dùn mí jù ni pé ìdáhùn wà nínú ẹ̀rọ náà ní gbogbo ìgbà tó bá kú. Àwa la máa ń tún un tàn tí a sì ń fi ọwọ́ ara wa pa á rẹ́. Ẹnì kan ti yọ `crashkernel` kúrò lórí rẹ̀ tipẹ́, kí mẹ́mọ́rì lè pọ̀ sí i.

Ẹni tó ń kú kọ́ ló ń kọ ìtàn ikú rẹ̀

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé kí kernel tó ń kú náà kó mẹ́mọ́rì rẹ̀ sórí dísìkì kó tó dákẹ́. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Kí Linux tó ní ọ̀nà tó ń lò báyìí, àwọn ètò bíi LKCD, netdump àti diskdump ti wà, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é nìyẹn: kernel tó ti ṣubú ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rí náà lọ sórí dísìkì tàbí sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yẹn gbà. Láti kọ nǹkan sórí dísìkì, dráífà dísìkì, ìyẹn ètò tí kernel fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ pé, àkọsílẹ̀ tó ń lò gbọ́dọ̀ pé, àyè gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́mọ́rì tó máa fi ṣiṣẹ́. Inú kernel tó ti bàjẹ́ yìí kan náà ni gbogbo wọn wà. Ó ṣeé ṣe kí CPU kan ti mú kọ́kọ́rọ́ dísìkì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dá a dúró. Kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́ láéláé, ẹni tó bá sì fẹ́ lo dísìkì á dúró dè é títí ayé. Èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí dráífà ṣì ṣiṣẹ́, àmọ́ kó máa ṣiṣẹ́ lódì: kó kọ ẹ̀rí náà lé orí fáìlì gidi tí wàhálà kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ikú kan á wá di méjì.

Windows gba ọ̀nà tirẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti ń jí ló ti máa ń gbé ẹ̀dà dráífà dísìkì kan pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò ní fọwọ́ kàn títí ọjọ́ ìdákú. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀dà yẹn ló máa fi kó mẹ́mọ́rì sínú pagefile, fáìlì kan tó wà lórí dísìkì, bó bá sì jí padà, á kó o jáde síbi tí gbogbo ayé mọ̀ sí `MEMORY.DMP`. Linux yàn láti gbé kernel odidi pamọ́ dípò dráífà kan ṣoṣo.

Ohun tó mú kí ìyẹn ṣeé ṣe ni kexec, tó wọ inú Linux 2.6.13 lọ́dún 2005. Eric Biederman ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kexec máa ń jẹ́ kí kernel kan fò tààrà sínú òmíràn láìgba ọ̀dọ̀ BIOS tàbí UEFI, ètò tó ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ, kọjá. Ìgbà tí wọ́n bá gba ibẹ̀ kọjá ni ohun tó wà nínú RAM máa ń wà nínú ewu. Bí wọ́n bá fo ibẹ̀, RAM á wà bó ṣe wà. Kdump, tí òun náà wọlé nínú ẹ̀dà 2.6.13 yẹn, wá gbé èrò rẹ̀ ka orí èyí: bí kernel èkíní bá dákú, ẹ fò sínú èkejì tí ara rẹ̀ yá, kí ó wá fara balẹ̀ ka òkú tó wà nílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí kdump fún ẹ̀rọ nìyẹn: ojú tó ń ríran nínú ẹkún.

Ibi tí ọwọ́ kankan kò kàn rí

A ti wá dé ìdí ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí kernel kejì ò fi lè wá ibi tó ṣófo nínú RAM lọ́jọ́ náà kó sì jókòó síbẹ̀?

Ìdí kan hàn kedere: mẹ́mọ́rì kernel èkíní ni ẹ̀rí. Bí èkejì bá jókòó lé e lórí, ó ti pa ohun tó wá gbà là rẹ́. Ìdí mìíràn náà ò ṣòro: ìwé tí kernel èkíní fi ń mọ ibi tó ṣófo àti ibi tó kún lè wà lára ohun tó bàjẹ́, a ò sì lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá àyè. Àmọ́ ká ní méjì yìí nìkan ni, èèyàn á ní kí wọ́n kàn fi àyè pamọ́ ní ìṣẹ́jú kan kí wàhálà tó dé. Ìdí kẹta ló wúwo jù, òun sì ni àlàyé tí mo máa ń kà kì í sábà sọ.

Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ̀rọ tó ń darí dísìkì, káàdì àwòrán, gbogbo wọn ló lè kọ nǹkan sínú RAM fúnra wọn láìjẹ́ pé CPU bá wọn gbé e. DMA ni wọ́n ń pe èyí. Ẹ jẹ́ ká wo ti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan. Bí dráífà rẹ̀ bá jí, á gba àwọn ojú ibì kan nínú mẹ́mọ́rì, á kọ àdírẹ́sì wọn sínú àtẹ kan, á sì fi àtẹ náà han káàdì: bí ìsọfúnni bá dé, ibí ni kó o dà á sí, bí ibí bá kún, bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, bó o bá dé ìparí, padà síbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, káàdì kò tún tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìsọfúnni dé, ó dà á síbi tí wọ́n fi hàn án, ẹ̀yìn tó ti dà á tán ló tó ta CPU lólobó.

Kernel wá dákú. Gbogbo CPU dúró. Ta ló sọ fún káàdì? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹni tó wà lókèèrè tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń fi ránṣẹ́. Ká ní kernel kejì ti wá sọ̀ sórí ọ̀kan nínú àwọn àdírẹ́sì yẹn, tó ti kó ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, tó ti ń jí bọ̀. Kò ní pẹ́ rárá tí ìsọfúnni mìíràn á fi dé, káàdì á sì dà á lé ìlànà iṣẹ́ náà lórí, bí wọ́n ṣe pàṣẹ fún un. Kernel kejì á ṣubú lójijì, kò sì sí ẹ̀kẹta tó máa ròyìn rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa àwọn káàdì náà. Ta ni yóò pa wọ́n? Dráífà wọn, tó wà nínú kernel tó ti dákú. A tún ti padà síbi tí a ti ń bọ̀.

Torí náà, ibì kan ṣoṣo ló dájú nínú gbogbo RAM: ibi tí wọn kò fi han dráífà kankan rí láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti jí. Pé ibì kan ṣófo lónìí kò tó, nítorí ó lè ti wà nínú àtẹ káàdì kan lánàá, tí dráífà oníṣìnà kan sì gbàgbé láti yọ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí àdírẹ́sì rẹ̀ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà kan náà ló sì wà tí èèyàn lè rí irú ibẹ̀ yà sọ́tọ̀, ìyẹn nígbà tí kernel ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lajú, kí dráífà kankan tó jí. Ìdí nìyẹn tí `crashkernel=256M` fi wà nínú ìlà àṣẹ tí wọ́n fi ń tan kernel, tí kò sí nínú fáìlì ètò kan tí a lè yí padà nígbà tó bá wù wá. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè dín àyè náà kù, ẹ tiẹ̀ lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ ò lè fi kún un, àfi kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ohun tó ti bọ́ sọ́wọ́ dráífà kò tún ṣeé búra fún mọ́.

Wọ́n tún ń ṣọ́ ibẹ̀ sí i. Lórí ẹ̀rọ x86-64 àti arm64, bí wọ́n bá ti gbé kernel kejì sínú àyè náà tán, kernel èkíní máa ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, débi pé bí ìlànà kan tó ti ya wèrè bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀, ó máa kọlu ògiri. Wọ́n sì máa ń ṣírò àmì SHA-256 fún ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bí ohunkóhun bá yí padà nínú rẹ̀.

Láti ìdákú dé fáìlì

Lọ́jọ́ tí panic bá dé, CPU tó rí wàhálà náà á pariwo sí àwọn yòókù pé kí wọ́n dúró níbi tí wọ́n bá a dé. Ariwo yìí, NMI, jẹ́ irú èyí tí CPU kankan kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kọ̀ọ̀kan wọn á kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀, á sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fò sínú ètò bíńtín kan tí àwọn tó kọ ọ́ sọ ní purgatory, orúkọ tó sì bá a mu nìyẹn, torí àárín kernel tó kú àti èyí tó fẹ́ jí ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún àmì SHA-256 yẹn ṣírò. Bó bá bára mu, kernel kejì á jí.

Kernel kejì náà rò pé 256MB tó wà níbẹ̀ ni gbogbo RAM tí ẹ̀rọ náà ní. Wọ́n sábà máa ń sọ fún un pé CPU kan ṣoṣo ni kó lò, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Ó máa ń tún àwọn ẹ̀rọ tó nílò dá sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dráífà tirẹ̀, èyí tí ọwọ́ ìbàjẹ́ kò kàn. Àmọ́ wọ́n ti fi ìwé kan lé e lọ́wọ́ tó sọ ibi tí mẹ́mọ́rì kernel èkíní wà, ó sì máa ń fi gbogbo rẹ̀ hàn bíi fáìlì kan ṣoṣo, `/proc/vmcore`. Òkú odidi ẹ̀rọ, tó tẹ́jú sílẹ̀ bíi fáìlì tí ẹnikẹ́ni tó láṣẹ lè ṣí kà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí títí dòní, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Bí ẹ̀rọ bá ní 64GB, kì í ṣe gbogbo 64GB náà ni wọ́n máa kó pamọ́. Ètò kan tó ń jẹ́ makedumpfile ló máa ń ṣẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fún un ní `-d 31`, á fo ojú ìwé (orúkọ tí wọ́n ń pe ègé kéékèèké tí wọ́n pín mẹ́mọ́rì sí) tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀dà fáìlì tó wà lórí dísìkì, èyí tó jẹ́ ti áàpù, àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò. Ohun tó máa ṣẹ́ kù sábà máa ń jẹ́ mẹ́mọ́rì tí kernel fúnra rẹ̀ ń lò, ibẹ̀ sì ni ìdí wàhálà wà. Á fún un pọ̀, á kọ ọ́ sínú `/var/crash` tàbí kó fi ránṣẹ́ sí sáfà mìíràn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á wá tan bó ṣe máa ń tan.

Báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó?

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí: èèyàn á ka àlàyé àtijọ́ kan, á kọ 64M, á sì rò pé ó parí. Kernel kejì á jí lọ́jọ́ náà, mẹ́mọ́rì ò ní tó o, á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ètò tirẹ̀ láti fi wá àyè, á sì kú láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti pàdánù 64MB lójoojúmọ́, kò sì rí ẹ̀rí gbà lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀. Ó burú ju kéèyàn má ṣe é rárá lọ.

Ohun tó ń jẹ mẹ́mọ́rì náà ni kernel kejì fúnra rẹ̀, àwọn fáìlì tó fi ń jí, dráífà tó gbọ́dọ̀ gbé dìde kó tó lè dé ibi tó máa kọ ẹ̀rí sí, àti àyè tí makedumpfile fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé iye RAM tí ẹ̀rọ náà ní kò sí níbẹ̀ ní tààrà. Dráífà ló máa ń fa ìnáwó jù: káàdì ńlá kan lè gba mẹ́mọ́rì tó pọ̀ ní kété tó bá jí. RAM máa ń wọ inú ìṣirò náà díẹ̀. Nígbà kan, makedumpfile ń fi bit méjì ṣàmì sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ 4KB, ìyẹn 64MB fún gbogbo 1TB tí ẹ̀rọ bá ní. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe é ní ìpele-ìpele nínú àyè tí kò pọ̀.

Red Hat Enterprise Linux 9, ẹ̀yà Linux tí ilé iṣẹ́ Red Hat ń ṣe, lórí x86-64 fi ìlà yìí ṣe ìwọ̀n tó ń bá a wá:

`crashkernel=1G-4G:192M,4G-64G:256M,64G-:512M`

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ wà láàrin 1GB sí 4GB yóò ya 192MB sọ́tọ̀. Èyí tó wà láti 4GB tí kò sì tó 64GB yóò ya 256MB. Èyí tó bá tó 64GB tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò ya 512MB. Èyí tí kò tó 1GB kò ní ya nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ní 64GB kò ní mọ 512MB lára, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ 2GB ló máa ń dun, torí 192MB lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí `crashkernel=auto` níbì kan, ẹ má kàn dà á kọ: Red Hat ló fi sínú kernel tirẹ̀, wọ́n sì ti yọ ọ́ nínú ẹ̀dà 9. Kernel Linux gangan kò gbà á wọlé rí.

Ẹ lè tún pàdé `,high` àti `,low` lẹ́yìn nọ́ńbà náà. Wọ́n wà torí pé àwọn ẹ̀rọ kan ò lè fi DMA dé ibi tó ju 4GB lọ nínú RAM, nítorí náà bí èyí tó pọ̀ jù nínú àyè náà bá wà lókè, wọ́n á ṣì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn nísàlẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ kernel ti ń wá bí mẹ́mọ́rì yìí ò ṣe ní máa jókòó lásán. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n mú jáde láìpẹ́ ni `,cma`: apá kan nínú àyè náà á wà fún àwọn áàpù láti máa lò títí ọjọ́ ìdákú, kernel ò sì ní kó ohun tirẹ̀ sínú rẹ̀. Ohun tí áàpù ní síbẹ̀ á pa rẹ́ nínú ẹ̀rí, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fo ti áàpù tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ DMA tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì ń bẹ níbẹ̀, torí áàpù náà lè ní kí ẹ̀rọ kan da nǹkan sínú mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí kernel dúró fún ìgbà díẹ̀ kí DMA tó wà lójú ọ̀nà lè parí kó tó fò. Mo rí i pé ó dára fún ẹ̀rọ kékeré. Lórí sáfà tí owó àwọn èèyàn wà, èyí tí ọwọ́ kankan kò kàn rí ni mo ṣì máa yàn.

Ẹ dán an wò kó tó di dandan

Fáìlì méjì ló máa sọ bó ṣe wà fún yín. `/sys/kernel/kexec_crash_size` á sọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀: bí ẹ bá rí 201326592, 192MB nìyẹn, bí ẹ bá rí 0, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. `/sys/kernel/kexec_crash_loaded` á sọ bóyá kernel kejì ti wà nínú àyè náà, 1 bó bá wà, 0 bí kò bá sí. Mo ti rí ẹ̀rọ tí àkọ́kọ́ jẹ́ 256MB tí èkejì sì jẹ́ 0. Wọ́n ti kọ́ ilé sílẹ̀, kò sẹ́ni tó kó wọ inú rẹ̀.

Àmọ́ kíkà nìkan ò tó. Ẹ yan àkókò tí kò sẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì pa á fúnra yín:

`echo c > /proc/sysrq-trigger`

Lójú ẹsẹ̀ ló máa kú, gẹ́gẹ́ bí ikú gidi, torí náà ẹ má dán an wò lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Bó bá jí padà, ẹ wo `/var/crash`. Ó yẹ kí fóldà tuntun tó ní ọjọ́ àti àkókò lára wà níbẹ̀, nínú rẹ̀ ni `vmcore` máa wà, àti nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, fáìlì kékeré kan, `vmcore-dmesg.txt`, tó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kernel nínú. Ẹ máa rí `Kernel panic - not syncing: sysrq triggered crash` níbẹ̀. Bí kò bá sí fóldà kankan, ó yẹ kí inú yín dùn pé òní lẹ mọ̀.

Ẹ má gbé `vmcore` fún ẹnikẹ́ni tẹ́ ò fọkàn tán o. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fo mẹ́mọ́rì àwọn áàpù, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti dísìkì pa lè wà nínú ti kernel, àti ọ̀pọ̀ ohun àṣírí mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló nílò rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí olówó rẹ̀ ò ní ṣí `vmcore` láé lè gba mẹ́mọ́rì rẹ̀ padà. Ẹ̀rọ àfarawé (virtual machine) tó wà nínú ẹ̀rọ mìíràn sì ní ọ̀nà àbáyọ: ẹni tó ni ẹ̀rọ ńlá náà lè ti ìta kó mẹ́mọ́rì rẹ̀ jáde, torí òun ò dákú. Àmọ́ sáfà tó dá dúró, tí èèyàn ń gbára lé, tó sì lẹ́ni tó máa ka ẹ̀rí, mi ò lè rí ìdí tí wọ́n á fi yọ ọ́.

Sáfà wa tó máa ń kú lóru yẹn, ọ̀sẹ̀ kẹta la dá `crashkernel` padà sórí rẹ̀. A dán an wò, ó kọ fáìlì. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tó tún kú lóru. Láàárọ̀, a fi ètò tó ń jẹ́ crash ṣí `vmcore`, a tẹ `bt`, ìyẹn àṣẹ tó ń to ẹni tó pe ta ni láti òkè délẹ̀. Ìlà bíi mẹ́wàá ló jáde. Dráífà káàdì tó ń darí àwọn dísìkì ló hàn nínú wọn: bí iṣẹ́ ìdàkọ tó ń lọ lóru bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, á padà lọ ka ibì kan nínú mẹ́mọ́rì tí òun fúnra rẹ̀ ti dá padà fún kernel. Ẹ̀dà tuntun dráífà náà ti tún un ṣe. A gbé e sí i lọ́jọ́ kejì, a sì dá RAM tí a yọ padà sínú ẹ̀rọ náà, torí kò ní àbùkù kankan.